Lẹ́tà tẹ́ ẹ fọwọ́ sí fún ọmọọ̀ṣẹ́ yín ló ń jẹ́rìí ní ẹ́ḿbásì

Ẹ̀yin ọ̀gá oníléeṣẹ́ kéékèèké, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ọ̀rọ̀ ọ̀hún sì kàn yín ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Bí wọ́n bá ti dárúkọ físà, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín máa ń sọ ni pé, "Ìyẹn ò kàn mí, èmi ò lọ síbì kankan, ṣọ́ọ̀bù mi ni mo jókòó sí." Òótọ́ ni pé ẹ̀yin kọ́ lẹ̀ ń lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá yín ṣiṣẹ́ lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn ń lọ, lẹ́tà tẹ́ ẹ fọwọ́ sí fún un sì ń bá a lọ. Lọ́jọ́ tó bá dúró síwájú fèrèsé ní ọ́fíìsì aṣojú Amẹ́ríkà l'Ékòó, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ẹ́ḿbásì, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, bí ẹ ò tiẹ̀ kúrò n'Íbàdàn.

Mi ò sọ̀rọ̀ yìí látinú ìwé. Ó ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí wa, ọwọ́ tèmi náà sì wà níbẹ̀.

Mo ní ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa kọ̀ǹpútà, ó gba HND lọ́dún 2015, wọ́n sì gbé e lọ sí Kebbi láti lọ ṣe àgùnbánirọ̀. Oṣù Kẹwàá ọdún 2016 ló parí ẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kejì ọdún 2017, ó rí iṣẹ́ sí iléeṣẹ́ kékeré kan n'Íbàdàn tó ń ta kọ̀ǹpútà, tó ń tún un ṣe, tó sì ń kọ ètò orí kọ̀ǹpútà tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù fi ń ṣírò ọjà wọn. Òun ló ń kọ àwọn ètò náà. Ó kúrò níbẹ̀ nínú oṣù Kọkànlá ọdún 2019, ó wá s'Ékòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà kan ṣiṣẹ́ láti inú yàrá ẹ̀ ní Yábàá.

Iléeṣẹ́ yìí ló pinnu lọ́dún 2024 pé àwọn fẹ́ kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn lọ́hùn-ún. Físà tí wọ́n ń pè ní H-1B ni wọ́n fẹ́ gbà fún un. Físà iṣẹ́ ni, àwọn tó ní ìmọ̀ àkànṣe ló wà fún. 65,000 ni òfin yà sọ́tọ̀ lọ́dún kan, wọ́n sì fi 20,000 lé e fún àwọn tó gba digrí ìkejì nílé ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń wá a pọ̀ ju ìyẹn lọ dáadáa, nítorí náà, lọ́tìrì ni wọ́n fi mú orúkọ lọ́dún náà. Wọ́n mú orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Ariwo ayọ̀ ta nínú ẹbí wa, àwọn ìyá wa ti ń bá a ra aṣọ òtútù.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀. Òfin físà náà sọ pé ẹni tó fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ ní digrí, tàbí ohun tó bá digrí dọ́gba. Àwọn tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí wò lọ́hùn-ún kì í fi gbogbo ìgbà ka HND tiwa sí digrí ọdún mẹ́rin. Àmọ́ òfin ò ti gbogbo ilẹ̀kùn. Ó gbà pé ọdún mẹ́ta tí èèyàn fi ṣiṣẹ́ gidi nínú ìmọ̀ náà lè dípò ọdún kan ní yunifásítì. Ẹ̀rí wo la fẹ́ fi hàn pé èèyàn ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta? Lẹ́tà ọ̀gá tó bá ṣiṣẹ́ ni. Ibi tí iléeṣẹ́ kékeré n'Íbàdàn ti wọ ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi gba Ìbàdàn lọ. Èèyàn dáadáa ni ọ̀gá ẹ̀ àtijọ́, inú ẹ̀ dùn láti rí i. Ó ní, "Ọmọ mi, lọ kọ ohun tó o bá fẹ́ sí i, kó o gbé e wá, màá fọwọ́ sí i." Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi gbogbo nìyẹn, àbí mo purọ́? Ẹ̀gbọ́n mi kọ ọ́, ó wá gbé e wá sọ́dọ̀ mi. Ó ní, "Àbúrò, ìwọ lo kàwé oníròyìn, bá mi tún gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ṣe."

Mo bá a tún un ṣe lóòótọ́. Ẹni tó ń kọ ètò orí kọ̀ǹpútà, mo sọ ọ́ di ọ̀gá àgbà fún àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ. Ọmọ iṣẹ́ kan tó wà lábẹ́ ẹ̀, mo sọ ọ́ di ìsọ̀rí òṣìṣẹ́ tó ń darí. Mo rí i pé ó ti kọ oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2016 sí ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kó lè sún mọ́ ọdún mẹ́rin. Mo mọ̀ pé Kebbi ló wà lọ́dún yẹn. Mo dákẹ́. Mo rò pé ta ni yóò máa ka ọjọ́. Ọ̀gá Ìbàdàn fọwọ́ sí i láì kà á, ó lu òǹtẹ̀ lé e, ó sì gbàdúrà fún wa.

Ìwé náà kọjá lọ́dọ̀ USCIS, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gba irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi ìwé ìfọwọ́sí tí wọ́n ń pè ní I-797 ránṣẹ́. Gbogbo wa rò pé ó ti parí. Kò tíì parí o. Ìwé yẹn kan fi hàn pé wọ́n gba ẹ̀bẹ̀ iléeṣẹ́ náà wọlé ni. Físà tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ páàsìpọ́ọ̀tù, ẹ́ḿbásì ló ń fún èèyàn, ó sì dìgbà tí wọ́n bá fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ló lọ sí Walter Carrington Crescent, ní Victoria Island. Kò lò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ níwájú fèrèsé. Obìnrin òyìnbó tó wà lẹ́yìn gíláàsì bi í pé ta ló fẹ́ gbà á síṣẹ́, kí ni yóò máa ṣe, èló ni wọn yóò máa san fún un. Ó dáhùn gbogbo ẹ̀ bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà ni obìnrin yẹn ní kó mú ìwé ẹ̀rí àgùnbánirọ̀ ẹ̀ wá. Ó wo ìwé yẹn, ó wo lẹ́tà Ìbàdàn, ó sì bi í pé ìgbà tó wà ní Kebbi, báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ n'Íbàdàn?

Ẹ̀gbọ́n mi ní ńṣe ni ẹnu òun gbẹ. Wọ́n fún un ní bébà kan tí nọ́ńbà 221(g) wà lára ẹ̀. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé wọn ò lè fún un ní físà lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ṣì fẹ́ ṣèwádìí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi méjì, fóònù dún ní ṣọ́ọ̀bù Ìbàdàn. Ìyàwó ọ̀gá ló gbé e. Ẹni tó pè béèrè ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ ẹ̀. Obìnrin náà ní, "Ha, bọ̀ọ̀dá kọ̀ǹpútà? Ó ti pẹ́ tó ti kúrò ńbí o. Òun àti ọmọ kan ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn." Wọ́n bi í pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ní, "Ó ti sìnrú ìlú tán kó tó wá." Obìnrin náà ò purọ́ kankan. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé lẹ́tà kankan wà. Àlejò béèrè ọ̀rọ̀, ó dá a lóhùn bí ọmọlúwàbí.

Ẹ́ḿbásì dá ìwé náà padà sí USCIS pé kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Kí ọdún tó parí, iléeṣẹ́ tó fẹ́ gbà á ti fà sẹ́yìn. Nígbà tó wá di ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump fọwọ́ sí àṣẹ kan pé iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ fi H-1B tuntun mú ẹni tó wà lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà wọlé yóò san 100,000 dọ́là. Iléeṣẹ́ wo ni yóò san irú owó yẹn lórí ẹni tí lẹ́tà ẹ̀ ti fọ́ lẹ́ẹ̀kan?

Èyí tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé irọ́ náà ò wúlò rárá. Láti oṣù Kejì ọdún 2017 sí oṣù Kọkànlá ọdún 2019, ọdún méjì àti oṣù mẹ́sàn-án nìyẹn. Ọdún mẹ́rin tó lò lẹ́yìn náà pẹ̀lú àwọn ará Amẹ́ríkà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀, ọdún mẹ́ta péré ló nílò. Òótọ́ wà nílẹ̀ tó tó o jẹ, tó ṣẹ́ kù, a tún lọ ya irọ́ kún un.

Kí ni wọ́n ń wò níbẹ̀?

Ọ̀pọ̀ èèyàn wa rò pé bí ẹni lọ ṣe ìdánwò àkọ́sórí ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ẹ́ḿbásì rí. Àwọn àjẹ́ǹtì tó ń jẹun lórí ẹ̀ ló jẹ́ ká máa rò bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní bí wọ́n bá bi ọ́ báyìí, báyìí ni kó o sọ. Wọ́n á bá èèyàn wá ìwé báńkì tí kì í ṣe tiẹ̀. Àwọn òbí á kó ìwé ilé, ìwé ilẹ̀ àti fọ́tò ìgbéyàwó lé ọmọ lọ́wọ́, wọ́n á ní kó fi hàn wọ́n pé yóò padà wálé.

Ẹ jẹ́ ká là á síra wọn. Ẹni tó fẹ́ lọ ṣàbẹ̀wò ni òfin Amẹ́ríkà ní kó fi hàn pé òun ò fẹ́ lọ jókòó síbẹ̀. Ìsọ̀rí tí wọ́n ń pè ní 214(b) lọ́rọ̀ náà wà, òun ló sì ti lé èèyàn tó pọ̀ jù padà lórí ìlà yẹn. Ṣùgbọ́n òfin yọ H-1B kúrò nínú ẹrù yẹn. Ẹni tó ń lọ fún H-1B kò ní láti gbé ìwé ilé baba ẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀ ò ju mẹ́ta lọ: ṣé iṣẹ́ náà wà lóòótọ́, ṣé ẹni yìí lè ṣe é lóòótọ́, ṣé ohun tó wà nínú ìwé ẹ̀ bá ara wọn mu?

Ìkẹta yìí ló máa ń gbé ọ̀pọ̀ ṣubú. Ìwé tí wọ́n ń kó jọ kì í ṣe ẹyọ kan. Fọ́ọ̀mù DS-160 tí èèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ kọ wà níbẹ̀, ó sì ń béèrè ibi téèyàn ti ṣiṣẹ́ rí, orúkọ ọ̀gá ẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù. Ẹ̀bẹ̀ tí iléeṣẹ́ lọ́hùn-ún kọ wà níbẹ̀. Ìwé ẹ̀rí wà níbẹ̀, lẹ́tà ọ̀gá àtijọ́ náà wà níbẹ̀. Wọ́n á wá fi ọ̀kan wo ìkejì. Láti ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹrin ọdún 2025, wọ́n ti sọ fún àwọn ọmọ Nàìjíríà pé nọ́ńbà tó wà lára DS-160 tí èèyàn gbé dání gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó fi gba ọjọ́ gan-an, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ilé ni yóò ti padà lọ gba ọjọ́ mìíràn. Fọ́ọ̀mù náà tún ń béèrè orúkọ téèyàn ń jẹ́ lórí Facebook àti àwọn ojú òpó bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún. Nígbà tó sì di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kejìlá ọdún 2025, wọ́n ní kí àwọn tó ń wá H-1B ṣí ojú òpó wọn sílẹ̀ kí àwọn lè wò ó. Ẹ ò rí i pé bí lẹ́tà bá ní ẹnì kan jẹ́ ọ̀gá àgbà lọ́dún 2018, tí fọ́tò ọdún 2018 sì ń fi í hàn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, ó ti tán nìyẹn.

Irọ́ wá lóyè tiẹ̀ nínú òfin wọn. Wọ́n lè fi 221(g) dá èèyàn dúró, kó tún dára lẹ́yìn ọ̀la. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ fi irọ́ tó wúwo wá físà, ìsọ̀rí 212(a)(6)(C) ni wọ́n á fi kàn án, ìyẹn sì ń lé èèyàn kúrò lẹ́nu ọ̀nà Amẹ́ríkà títí ayé, àfi tí wọ́n bá fi àánú dárí jì í. Kò sí àjẹ́ǹtì tó ń sọ ìyẹn fún ẹni tó ń gbowó lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ má sì rò pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèèyàn ń lọ. Àwọn ọmọ wa tó ti ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún náà, bí wọ́n bá wálé sìnkú tàbí ṣègbéyàwó, tí físà inú páàsìpọ́ọ̀tù wọn bá ti kú, wọ́n gbọ́dọ̀ lọ gba tuntun kí wọ́n tó padà. Tẹ́lẹ̀, àwọn mìíràn máa ń gba orílẹ̀-èdè tí ìlà ò ti gùn lọ ṣe é. Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, wọ́n ní kí oníkálùkù lọ ṣe é ní ìlú ẹ̀ tàbí ibi tó ń gbé. Ṣáájú ìyẹn, lọ́jọ́ kẹjọ oṣù Keje ọdún 2025, wọ́n kéde pé èyí tó pọ̀ jù nínú físà tí kì í ṣe ti ẹni tó ń lọ gbé ibẹ̀ títí yóò di oṣù mẹ́ta àti ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo fún ọmọ Nàìjíríà. Èyí ni pé ẹni tó bá wálé lè tún dúró síwájú fèrèsé yẹn, kí wọ́n tún yọ lẹ́tà yín àtọdúnmọ́dún síta.

Ìkéde mìíràn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2026 tún dá físà ìbẹ̀wò, ti òwò àti ti akẹ́kọ̀ọ́ dúró fún ọmọ Nàìjíríà, yàtọ̀ sí àwọn díẹ̀ tí wọ́n yọ sílẹ̀. H-1B kò sí lára àwọn tí ìkéde náà dá dúró. Ilẹ̀kùn tó ṣẹ́ kù kò pọ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ọwọ́ tiwa ti èyí tó ṣì ṣí.

Ibi tọ́rọ̀ ti kan ọ̀gá

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè ọ̀rọ̀. Nínú àwọn tó bá yín ṣiṣẹ́ láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn, mélòó lẹ fún ní ìwé ìgbanisíṣẹ́? Mélòó lẹ lè sọ ọjọ́ tó wọlé àti ọjọ́ tó jáde láì jẹ́ pé ẹ ronú lọ, ronú bọ̀? Ọ̀pọ̀ wa ló ń sanwó lọ́wọ́, tí a ò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, òfin iṣẹ́ tiwa níbí, Labour Act, ti sọ ọ́ ní ìsọ̀rí keje pé kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tó ṣàlàyé iṣẹ́ àti owó ẹ̀ kó tó pé oṣù mẹ́ta tó wọlé. Ìjọba Nàìjíríà ló ṣe òfin yìí, kì í ṣe òyìnbó ẹ́ḿbásì.

Nígbà tí kò bá sí àkọsílẹ̀, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọmọ tó ń wá lẹ́tà ló ń kọ ìtàn ara ẹ̀, ọ̀gá á sì fọwọ́ sí i. Ẹni tó ń wá nǹkan kì í kọ ọ́ kéré. Ọ̀gá ló yẹ kó mú un wálẹ̀.

Kí ló yẹ kó wà nínú lẹ́tà tó lè dúró? Kò le. Kó wà lórí bébà tó ní orúkọ iléeṣẹ́, nọ́ńbà tí CAC fún yín, àdírẹ́sì tí èèyàn lè rí, àti nọ́ńbà fóònù tó ń lọ. Kí ẹ kọ ọjọ́, oṣù àti ọdún tó wọlé, ọjọ́, oṣù àti ọdún tó jáde. Kí ẹ sọ bóyá ojoojúmọ́ ló ń wá tàbí ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Kí ẹ sọ ohun tó ń ṣe gan-an. "Ó kọ ètò tí ilé oògùn mẹ́ta fi ń mọ iye oògùn tó kù" lágbára ju kí ẹ ní ó jẹ́ akínkanjú òṣìṣẹ́ tó ní ẹ̀bùn aṣáájú. Kí ẹ sọ orúkọ ẹni tó ń ṣe ọ̀gá lé e lórí, bí ẹni náà bá sì ní digrí, ẹ dárúkọ ẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì fún àwọn tó fẹ́ fi iṣẹ́ dípò ọdún yunifásítì, nítorí òfin náà ń béèrè bóyá àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ jẹ́ ẹni tó ní irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ kọ orúkọ yín àti ipò yín sísàlẹ̀, kì í ṣe ìfọwọ́sí wínníwínní tí ẹnikẹ́ni ò lè kà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ẹ̀dà kan sínú fáìlì. Kí ẹ sì sọ fún ẹni tó ń gbé fóònù. Ìyàwó yín, ọmọ yín, akọ̀wé yín, ẹnikẹ́ni tó bá ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ní, "Mo fún lágbájá ní lẹ́tà o, òun ló wà nínú fáìlì yìí. Bí wọ́n bá pè, ohun tó wà níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ kà fún wọn." Ẹ ò kọ́ ẹnikẹ́ni nírọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kàn ń dáàbò bo òótọ́ ni, kí àìmọ̀ má baà sọ ọ́ di irọ́.

Ní ti ẹni tó ń lọ gan-an, ìmúrasílẹ̀ tó dára jù ni kó jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan, kó tẹ́ gbogbo ìwé ẹ̀ sílẹ̀, kó fi ọjọ́ inú ọ̀kan wo ọjọ́ inú ìkejì. Kó mọ orúkọ iléeṣẹ́ tó ń lọ, ìlú tó wà, iṣẹ́ tí yóò ṣe àti owó oṣù ẹ̀, kó lè sọ ọ́ bí ẹni ń sọ orúkọ ọmọ ẹ̀. Kó mú páàsìpọ́ọ̀tù, ìwé ìjẹ́rìísí DS-160, ìwé I-797 àti ẹ̀rí pé ó ti san 205 dọ́là tí wọ́n ń gbà lórí físà iṣẹ́ yìí. Kó fi fóònù sílé, wọn kì í jẹ́ kó wọlé. Bí wọ́n bá bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan, kó dáhùn ọ̀kan. Bí kò bá rántí ọjọ́, kó ní òun ò rántí.

"Mo kàn ràn án lọ́wọ́ ni"

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní ìrànlọ́wọ́ ni, wọn ò lè lé ọmọ tó sìn wọ́n dáadáa padà. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ń tún gẹ̀ẹ́sì yẹn ṣe. Ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ tí a ṣe yẹn ló gba físà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ká ní ọ̀gá Ìbàdàn le díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ká ní ó sọ pé, "Rárá o, oṣù Kejì ọdún 2017 lo wọlé síbí, ìyẹn ni màá kọ," ẹ̀gbọ́n mi ì bá bínú lọ sílé, ṣùgbọ́n ì bá ti wà níbi iṣẹ́ tí wọ́n pè é sí.

Àwọn mìíràn ní tiwọn yàtọ̀. Wọ́n ní àwọn kọ́ ọmọ níṣẹ́, òyìnbó wá ń kó o lọ, kí ló dé tí àwọn yóò tún fi lẹ́tà sìn ín? Mo gbọ́. Ó ń dunni kí ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ máa lọ. Àmọ́ lẹ́tà tí ẹ fi dù ú kò ní dá a dúró. Àjẹ́ǹtì ni yóò lọ bá, àjẹ́ǹtì á ya orúkọ iléeṣẹ́ yín sórí bébà, á fi nọ́ńbà tiẹ̀ sí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá mú un, orúkọ yín ló wà lórí ẹ̀.

Àwọn ìkẹta ló ṣe mí láàánú jù, torí ọ̀gá ẹ̀gbọ́n mi wà lára wọn. Ìtìjú ló ń ṣe wọ́n. Ó sọ fún mi lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ pé òun mọ̀ pé a ti bu iyọ̀ sí lẹ́tà náà, ṣùgbọ́n òun rò ó pé, "Ta ni yóò ka ṣọ́ọ̀bù ẹni mẹ́rin sí iléeṣẹ́ ní Amẹ́ríkà?" Ó fẹ́ kí ọmọ ẹ̀ jọ ẹni tó ti ibi ńlá wá. Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ gbọ́ èyí: kò síbi tí òfin yẹn ti sọ pé iléeṣẹ́ téèyàn ti kọ́ṣẹ́ gbọ́dọ̀ tóbi. Ohun tó béèrè ni iṣẹ́ téèyàn ṣe, iye ọdún tó fi ṣe é, àti ẹni tó lè jẹ́rìí sí i. Ṣọ́ọ̀bù ẹni mẹ́rin tó ní fáìlì, tó ní fóònù tó ń lọ, tó sì ń sọ ohun kan náà lórí bébà àti lẹ́nu, iléeṣẹ́ gidi ni níwájú ẹnikẹ́ni. Ẹ má fi iṣẹ́ ọwọ́ yín ṣe kékeré.

Fáìlì kan náà yìí, báńkì yóò béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ yáwó. Àwọn agbowó-orí yóò béèrè ẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ bá dé láàárín yín àti òṣìṣẹ́, òun náà ni ẹ máa gbé jáde. Ẹni tó bá ń kọ nǹkan sílẹ̀ nítorí ẹ́ḿbásì ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún ara ẹ̀ ná.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà l'Ékòó, ó ń ṣiṣẹ́, kò kú, kò sì sọnù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dárúkọ Kebbi lójú ẹ̀, ó máa ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀gá Ìbàdàn ti ra fáìlì aláwọ̀ ewé kan, ó kọ "Àwọn ọmọ iṣẹ́" sára ẹ̀, ìyàwó ẹ̀ ló ń tọ́jú ẹ̀. Èmi ní tèmi, mi ò bá ẹnikẹ́ni tún lẹ́tà kọ mọ́ láì béèrè pé ṣé bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí.

Lọ́jọ́ tí ọmọ tó bá yín ṣiṣẹ́ rí bá gbé bébà wá, tó kúnlẹ̀ tàbí tó dọ̀bálẹ̀, tó ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣáà bá mi fọwọ́ sí i," ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ wá awò ojú yín. Ẹ jókòó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó mú bírò.